Kí Ni Abàmì Ẹ̀dá Kì í Jẹ?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí ìpàdé wa tó kọjá. Ọ̀kan nínú wa ka ìtàn ọmọkùnrin kan tó máa ń di ìkookò lálẹ́ òṣùpá àrànmọ́jú. Ẹnì kan nahùn láti ẹ̀yìn: "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ṣé ó ṣì lè jẹ ẹ̀bà?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Òǹkọ̀wé náà kò rí èsì fọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tí mo délé, ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ jẹ́ ká fi èdè Yorùbá wò ó, ṣebí ohun tí èmi wá kọ́ nìyẹn. "Kò lè jẹ ẹ́" yàtọ̀ sí "kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́", àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí "kì í jẹ ẹ́." Ti àkọ́kọ́, ara ló kọ̀ ọ́. Ti ìkejì, ẹlòmíràn ló pàṣẹ. Ìkẹta yìí ni mo rò pé ìwà ti lè wọ ọ̀rọ̀.

Dracula, òkú amùjẹ̀ tí Bram Stoker kọ ìtàn rẹ̀ ní 1897, kò lè fara da áyù. Ẹ gbé e wá sí ọjà Mile 12 lọ́wọ́ alẹ́, tó bá ti dé ìsọ̀ àwọn aláyù, eré sísá ló kù. Àmọ́ ta ló máa yìn ín pé kò jẹ áyù? Kò sẹ́ni tó ń yin ewúrẹ́ pé kò jẹ ẹran. Àwọn Cullen inú Twilight, ìwé tí Stephenie Meyer gbé jáde ní 2005, yàtọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ń ta sánsán sí wọn nímú, agbára àtimu ún wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ ẹranko ni wọ́n ń mu. Èèwọ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé kalẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa kò ka ìwé yẹn sí, ìwé ìfẹ́ àwọn ọmọge ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ronú jìnnà ju Stoker lọ.

Kò sì ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ní Ọbàtálá mu ẹmu yó nígbà tó ń mọ èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ ò gún mọ́, ó mọ àwọn tá a wá ń pè ní ẹni òrìṣà: abuké, arọ, àfín. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí ohun tó ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹmu ti di èèwọ̀ fún òun àtàwọn olùsìn rẹ̀. Kì í ṣe pé kò lè mu ún. Ó ti mu ún rí, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Tí ẹ bá sì ń wá ẹranko tó ń di èèyàn, kí la fẹ́ fi ìkookò òyìnbó ṣe? Ọya ń bẹ. Ẹfọ̀n ni nínú igbó, arẹwà obìnrin ni lọ́jà. Ọdẹ kan rí i níbi tó ti ń bọ́ awọ rẹ̀, ó jí awọ náà gbé, ó fi í ṣaya, ó ṣèlérí pé òun ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọtí ló tú àṣírí náà. Ẹran àgbò ni èèwọ̀ Ọya, bẹ́ẹ̀ àgbò gan-an ni oúnjẹ Ṣàngó tá a mọ̀ ní ọkọ rẹ̀. Ẹ gbà mí o, ìkòkò mélòó ló máa wà nílé ìdáná irú ilé bẹ́ẹ̀?

Ibi tó ti wá le ni ti àjẹ́ inú fíìmù wa. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é: wọ́n jọ ń jẹ ẹran èèyàn lóru, ẹni tó bá ti jẹ nínú ti ẹlòmíràn ti di onígbèsè, ọjọ́ tó bá kàn án, ọmọ tirẹ̀ ni yóò mú wá. Nígbà mìíràn, àkàrà lásán ni wọ́n fún un jẹ ní kékeré, kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá ti di dandan fún un láti jẹ, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Síbẹ̀, níparí, òun náà ló máa jẹ́wọ́ láàárín àgbo, tí wọ́n á sọ ọ́ lókùúta, tí àwa á pàtẹ́wọ́.

Èmi ṣe ju àtẹ́wọ́ lọ. Ní sáà tó kọjá, mo kọ ìtàn kan sínú ìwé wa yìí nípa ìyá arúgbó kan tí kì í jẹ iyọ̀, tó ń di ẹyẹ lóru. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé àwọn ará òru kì í jẹ iyọ̀. Ká má parọ́, àdúgbò wa ni mo ti rí ìyá náà. Ní Ajégúnlẹ̀ tí à ń gbé (ti Kòsọ́fẹ́ o, lọ́nà Mile 12, kì í ṣe èyí tó wà lọ́nà Àpápá tí gbogbo ayé mọ̀), ìyá kan wà ní ojúlé kejì sí wa. Ó ti ń gbé ibẹ̀ kí omíyalé ọdún 2010 tó lé ọ̀pọ̀ èèyàn jáde nílé. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ ìkómọ fún un, á gbà á, á súre, á sì gbé e fún ọmọdé.

Àbúrò mi mú ìwé náà, ó kà á sókè fún àwọn ọmọ àgbàlá. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọdé ò gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá náà mọ́. Ìyá ọmọ kan tí ibà ń ṣe lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń pariwo pé kó tú ọmọ òun sílẹ̀. Mo wà lójú fèrèsé, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ lẹ́nu obìnrin yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Dókítà ló ní kò gbọdọ̀ jẹ iyọ̀. Àwa la sọ "kò gbọdọ̀" di "kì í". Ní Trinidad lọ́hùn-ún, wọ́n ń sọ̀rọ̀ soucouyant tó ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lóru láti lọ mu ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ ni wọ́n ń dà sínú awọ náà kó má lè wọ̀ ọ́ padà. Arúgbó obìnrin lòun náà. Kí ló dé tó fi máa ń jẹ́ àwọn?

Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ fún mi pé ìtàn ni ìtàn ń jẹ́, pé bí àwọn ará ilé bá kà á sódì, kì í ṣe ẹ̀bi òǹkọ̀wé. N ò lè gbà á, n ò sì lè jiyàn rẹ̀ tán. Mo jókòó láti tún un kọ. Mo yọ iyọ̀, mo fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i: Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú ilé wa, àwọn ará Ìjọ Sẹ̀lẹ́ náà ò sì jẹ́ fẹnu kàn án. Mo fi ọtí sí i: Sẹ̀lẹ́ àti Mùsùlùmí tún ni. Mo fi ata sí i: tíṣà tó ń gbé lókè ní ọgbẹ́ inú. Mo fi okété sí i, mo wá rántí pé ìdílé ìyá tó bí mi kì í jẹ okété. Ìtàn náà ṣì wà nínú àpò mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, èmi ni mo kọ ọ́."

Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Wọ́n ti kà á fún mi. Ẹyẹ wo lo sọ mí dà?"

"Òwìwí ni, Mà."

Ó mirí. "Òwìwí burẹ́wà. Ṣé o ò rí lékeléke ni?"

Ó bu ẹ̀wà fún mi. Àwọn ọmọ ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Ó tẹ́.