Bí Ìjọba Bá Ṣẹ̀ Wá, Ta Ni A Ó Fẹjọ́ Sùn?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ ní etí òkun Ìlàjẹ, láti Ugbò dé Ayétòrò: bí ìjọba bá gba ilẹ̀ ẹni tàbí tó wó ilé ẹni, ta ni a ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Èsì tí àwọn àgbà sábà máa ń fọ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè bá ìjọba ṣẹjọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nínú irú ẹjọ́ yìí, adájọ́ kì í béèrè bóyá ohun tí ìjọba ṣe wu òun. Ohun tó ń béèrè ni pé: òfin wo ló fún ọ lágbára yìí? Ṣé o kò kọjá ààlà rẹ̀? Ṣé o gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí o tó ṣe é? Bí èsì kò bá tọ́, yóò wọ́gi lé e. Ṣùgbọ́n kò ní gba àga ìjọba jókòó.

Ní 1985, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó fi tipátipá lé Odumegwu Ojukwu, ẹni tó ṣe olórí Biafra, kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí, nígbà tí ẹjọ́ ilé náà ṣì wà ní kóòtù. Kóòtù Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n dá ilé padà fún un. Wọn kò dá a padà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ni wọ́n gbà lọ, kí wọ́n lè bá wọn dá àṣẹ náà dúró. Ní 1986, àwọn adájọ́, Kayode Eso láàárín wọn, sọ fún wọn pé ẹni tó tẹ àṣẹ kóòtù mọ́lẹ̀ kò lè wá tọrọ ojú rere lọ́wọ́ kóòtù. Ológun ló wà lórí oyè nígbà náà o! Ẹni tí wọ́n sì dá láre, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì ń bínú sí i nítorí ogun.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1970, ilé ẹjọ́ kan náà, lábẹ́ Adetokunbo Ademola, dá Lakanmi láre lórí dúkìá tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbẹ́sẹ̀ lé. Wọ́n ní ìjọba kò lè fi òfin dá ẹni tó dárúkọ lẹ́bi, iṣẹ́ adájọ́ nìyẹn. Kò pé oṣù kan tí Dìkírì 28 fi jáde láti pa ìdájọ́ náà rẹ́. Adájọ́ kò ní ọmọ ogun.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ayé àwọn Abbasid ní Baghdad, ìjókòó mazalim wà fún ẹni tí gómìnà tàbí agbowó-orí bá rẹ́ jẹ. Àlébù rẹ̀, lójú tiwa, ni pé khalifa ló sábà máa ń jókòó níbẹ̀; ta ni yóò wá gbọ́ ẹjọ́ khalifa fúnra rẹ̀?

Àwọn kan láàárín wa bínú nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin 2002 pé ibi tí omi òkun fà sẹ́yìn dé ni ààlà ìpínlẹ̀ etí òkun, tí epo inú òkun kò fi wọ inú ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú òkun sì ni púpọ̀ nínú epo Ìlàjẹ wà. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí adájọ́ dá ìjọba dúró sí ààlà òfin, a gbọ́dọ̀ fara mọ́ ọn nígbà tí òfin náà kò bá gbè wá. Òfin ló yẹ kí wọ́n yí. Ilé aṣòfin sì yí i ní 2004.

Ohun tó ń bà wá lọ́kàn jẹ́ jù ni àkókò. Òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ pẹjọ́ láàárín oṣù 3. Kí apẹja tó wa ọkọ̀ jáde láti inú omi, kó rí lọ́yà, kó sì kó owó jọ, oṣù ti pé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ọjọ́ tí lẹ́tà ìjọba bá dé ilé, ẹ kà á fún àwọn bàbá wa, kí ẹ sì kọ déètì tó dé sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.