Ẹ̀tọ́ Lójú Ọ̀nà Hāna

Bàbá náà ti gbé táyà iwájú lé orí afárá kí n tó rí i. Irọ́ ni mo pa yẹn. Mo rí i dáadáa: píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ni, ajá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, pátákó tó wà lọ́wọ́ tiwa sì ní kí á dúró fún ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó wà níwájú mi kọjá, mo sì so mọ́ ọn nídìí bí dánfó tó rí ọ̀nà lẹ́yìn ọkọ̀ gómìnà. Bàbá náà kò fọn fèrè, kò ṣépè. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rọra fi ẹ̀yìn wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ padà títí ó fi rí ibi tó fẹ̀ díẹ̀, ó sì tún na ọwọ́ sí wa bí a ti ń kọjá.

Mo ní, "Ẹ̀tọ́ wa ni, ṣebí a ti wà lórí ìlà."

Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, kò dá mi lóhùn. Ó yíjú sí òkun.

Erékùṣù Maui ní Hawaii lèyí ti ṣẹlẹ̀, lójú ọ̀nà tó lọ láti Kahului sí Hāna. Torí ogún ọdún tí a ti ń bá ara wa bọ̀ la ṣe lọ ṣe ìsinmi níbẹ̀, láti Houston. Bíi máìlì 52 péré ni ọ̀nà náà. Èèyàn á rò pé wákàtí kan ti tó. Ṣùgbọ́n kọ́nà ibẹ̀ lé ní 600, afárá jẹ́ 59, 46 nínú wọn kò sì gba ju mọ́tò kan lọ. Ọdún 1926 ni wọ́n là á já. Òkun wà lọ́wọ́ òsì, òkè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, omi ń já láti inú igbó sójú títì. Àwa tí a háyà mọ́tò ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá. Àwọn ará Hāna ń gbà á lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n sì ń gbà á gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì erékùṣù.

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí afárá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láyé àwọn tó tọ́ wa, bí wọ́n bá ní "ẹ̀tọ́ ni," ohun tó tọ́ kí o ṣe ni wọ́n ń wí. Ẹ̀tọ́ ni kí ọmọdé gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà. Ẹ̀tọ́ ni kí ẹni tó jókòó dìde fún aboyún. Lónìí, ẹ̀tọ́ ti di gbèsè tí gbogbo ayé jẹ mí: owó mi ni mo san, àyè mi dà? A la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, a mú apá tó dùn, a sọ ìyókù nù. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii ní ọ̀rọ̀ kan, kuleana, tí wọn kò là. Ohun tó jẹ́ tìrẹ àti iṣẹ́ tó so mọ́ ọn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Mo tilẹ̀ fura pé ọmọlúàbí tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe nílé kò wọ́n tó bí a ti ń rò, torí ojú tí a mọ̀ la ń ṣe é sí. Bí mo bá dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Àgbà lónìí, lọ́la wọ́n á bù mí lẹ́ran. Onípíkọ́ọ̀pù yìí kò ní pàdé mi lóde ìnáwó láéláé, kò mọ ilé bàbá mi, kò lè ròyìn mi fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ òun ló wọ́ mọ́tò padà fún mi.

Ní Keʻanae, a yà sí ibi tí ilẹ̀ ti na ahọ́n sínú òkun. Oko kókò ni ibẹ̀, kókò inú omi, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, omi tútù ń ṣàn láti poro kan bọ́ sí èkejì. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta kan wà láàárín wọn, ó ti wà níbẹ̀ láti 1860. Òkun tó ru ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1946 gbá abúlé náà, ṣọ́ọ̀ṣì náà kò wó. Nínú ìtàn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Hawaii, ọmọ kan wà tó jẹ́ òkú ọmọ nígbà tí wọ́n bí i. Wọ́n sin ín, kókò hù níbẹ̀, wọ́n pè é ní Hāloa. Àbúrò tí wọ́n bí tẹ̀lé e, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, ni èèyàn ti ṣẹ̀. Kókò ni ẹ̀gbọ́n, àwa ni àbúrò. Èmi tí mo ti ń pe kókò ní oúnjẹ ìgbà tí iṣu bá wọ́n láti kékeré, mo kàn ń wò ó ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wọ orí ebè tó la oko náà kọjá, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Pátákó tí wọ́n kọ KAPU sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn gan-an. Èèwọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti bá wọn wí kí n tó rántí afárá. Mo pa ẹnu mi dé.

Ìyá Ìbejì ra búrẹ́dì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì ń gbóná nínú ìwé tí wọ́n fi dì í. Mo nawọ́. Ó sọ ọ́ sínú àpò rẹ̀, ó fa síìpù.

A kọjá Hāna, a dé Kīpahulu, ọgbà ìjọba tó wà lẹ́sẹ̀ òkè Haleakalā. Àwọn adágún ʻOheʻo wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, tí àwọn afinimọ̀nà ń pè ní Adágún Mímọ́ Méje. Wọ́n ju méje lọ, orúkọ tí wọ́n fi ń fa arìnrìn-àjò sì ni. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí èèyàn bá ka ìpele omi Olúmirin sí méje, ó bá a nílé ni. Èyí, àlejò ló sọ onílé lórúkọ.

A wá gba ọ̀nà ẹsẹ̀ Pīpīwai nínú ọgbà náà, tó jẹ́ máìlì mẹ́rin ní àlọ àti àbọ̀. Lágbedeméjì, ọparun bo ojú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lókè, wọ́n á máa kan ara wọn, kó-kò-kó, bí ilé tí wọ́n ti ń ta ayò, àwa sì ń rìn lórí pákó nísàlẹ̀ nínú òkùnkùn ọ̀sán gangan. Lópin rẹ̀ ni Waimoku, omi tó ń já láti bíi ẹsẹ̀ bàtà 400. Àmì wà níbẹ̀ pé kí á má kọjá, nítorí òkúta a máa jábọ́. Òjò tó rọ̀ lórí òkè sì lè mú omi kún lójijì nígbà tí oòrùn ń ràn nísàlẹ̀. Mo wo àmì náà, mo wo fóònù mi.

"Bàbá Ìbejì," ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti wákàtí mélòó kan nìyẹn, "ṣé fọ́tò lẹ fẹ́ fi sọ mí di opó?"

A jókòó síbi tí wọ́n ní kí á jókòó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a padà dé àwọn afárá. Ní ọ̀kan nínú wọn, mo dúró. Mọ́tò mẹ́ta kọjá, mo ṣì dúró. Ìkẹrin ṣì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi fọn fèrè, ó tún un fọn. Obìnrin tó wa ìkẹrin na àtàńpàkò àti ọmọńdinrín sí wa, bí wọ́n ti ń kí èèyàn níbẹ̀, ó kọjá lọ. Mo gbọ́ síìpù. Ìyá Ìbejì bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó fi èyí tó tóbi sí mi lọ́wọ́.