Kókó Inú Ọrùn

Nígbà tí Olódùmarè ń mọ ọrùn ọmọ ènìyàn, Ó fi kókó kan síwájú ọ̀fun, lábẹ́ gògóńgò, apá rẹ̀ méjèèjì sì dì mọ́ ọ̀nà èémí lọ́tùn-ún lósì. Kò wúwo: lọ́rùn àgbàlagbà, kì í sábà ju gíráàmù 25 lọ. Èèyàn lè máa wọ ìlẹ̀kẹ̀ lé e lórí láti kékeré dàgbà kó má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Táírọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Òun ló ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri, èyí tó ń sọ fún ọkàn bó ṣe máa yára lù tó, fún ìfun bó ṣe máa yára da oúnjẹ tó, fún ara gbogbo bó ṣe máa móoru tó.

Tèmi dẹwọ́ iṣẹ́. Lóṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí gbogbo Ìbàdàn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, súẹ́tà ló wà lọ́rùn mi. Mo ń sùn, oorun kò sì lọ lójú mi. Ohùn mi ki, ojú mi wú, ìyàrun ń kó irun mi jáde. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kò ní mọ ohun tí mo wá mú. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní iṣẹ́ ayé ni. Dókítà kan ló dúró sẹ́yìn mi, tó fi ìka rẹ̀ kan ọrùn mi, tó ní, “Mà, ẹ mu omi yìí díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e mì.” Bí mo ti gbé e mì ni nǹkan kan dìde lábẹ́ ìka rẹ̀, tó sì tún padà sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ló ti ń bá mi gbé. Ọjọ́ náà la ṣẹ̀ṣẹ̀ mọra.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n sì ṣàlàyé èsì rẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ ni kókó mìíràn wà, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ, tó ń rán iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TSH sí táírọ́ìdì. Bí họ́mọ́ọ̀nù bá lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, TSH á gòkè. Bó bá pọ̀ jù, TSH á wálẹ̀. Bí ìyá olóúnjẹ tó jókòó ti ààrò ló rí: iná fẹ́ kú, ó ki igi sí i, iná fẹ́ jó ọbẹ̀, ó fa igi jáde. Àmọ́ ìyá olóúnjẹ á sùn lálẹ́. Iṣẹ́ tibí kì í dáwọ́ dúró. Ẹni tí táírọ́ìdì rẹ̀ bá ṣe àṣejù, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, á máa jẹun, á sì máa rù. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá sì ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn gbà lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ayodíìnì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù yìí. Bernard Courtois, ará Faransé, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1811 nínú eérú ewéko òkun. Máíkírógíráàmù 150 ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Èyí tí èèyàn máa lò fún àádọ́rin ọdún kò lè kún ṣíbí ìmutíì kan. Níbi tí kò bá ti sí tó nínú ilẹ̀ àti oúnjẹ, ọrùn á wú, á di gẹ̀gẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ìsapá ni wíwú náà. Kókó náà ń tóbi sí i kó lè he ìwọ̀nba tó bá ń kọjá nínú ẹ̀jẹ̀. Iyọ̀ la fi ràn án lọ́wọ́: ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta iyọ̀ oní-ayodíìnì lọ́dún 1924, Nàìjíríà náà sì sọ ọ́ di dandan lọ́dún 1993.

Lọ́dún 1912, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Gudernatsch fi táírọ́ìdì ẹṣin bọ́ àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì ń fi ìrù wẹ̀ nínú omi. Ìrù wọn pòórá, ẹsẹ̀ yọ, wọ́n di ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké kí àsìkò wọn tó tó. Èyí tí wọ́n bá sì yọ táírọ́ìdì rẹ̀ kúrò, á kàn máa tóbi nínú omi ni, kò ní di ọ̀pọ̀lọ́. Họ́mọ́ọ̀nù táírọ́ìdì yẹn kan náà ló wà lára ohun tó ń kọ́ ọpọlọ ọmọ inú oyún. Ní bíi oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ti ìyá ni ọmọ ń lò, torí pé tirẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ohun tí Olódùmarè fi ń pe ọ̀pọ̀lọ́ jáde nínú odò, òun náà ló fi ń pe òye sórí wa.

Hóró levothyroxine ni mo ń lò báyìí, họ́mọ́ọ̀nù yẹn náà tí ọwọ́ ènìyàn ṣe. Omi lásán ni mo fi ń gbé e mì láàárọ̀ kùtù, màá sì dúró fún bíi wákàtí kan kí n tó fẹnu kan ẹ̀kọ àti àkàrà, kí oúnjẹ má baà dí i lọ́nà. Ó ti wá yé mi pé okun tí èèyàn fi ń dìde lórí ibùsùn, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún un. Ooru ọwọ́ mi, ẹ̀bùn ni. Orúkọ tó tètè wá sí mi lẹ́nu, ẹ̀bùn ni. Bí mo bá sì rí ọmọbìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní ọ̀lẹ, n kì í bá wọn dá sí i, ohun tí mo máa ń bi í ni pé, “Ṣé òtútù máa ń mú ọ?”

Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi oògùn sílẹ̀ kí n gbára lé Ọlọ́run. Lọ́dún 1891, ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà George Murray fi oje táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan tó ní irú àìsàn yìí lábẹ́rẹ́. Obìnrin náà wà láyé títí di ọdún 1919. Ta ló fi ohun tí ènìyàn nílò sọ́rùn àgùntàn? Ta ló fún Murray lọ́gbọ́n tó fi wá a débẹ̀? Ọwọ́ kan náà ni mo rí nínú méjèèjì. Ẹni tí òtútù ń mú nínú oòrùn, tàbí tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì láìsáré, kó jọ̀ọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, kó lò ó tọpẹ́tọpẹ́. Ní tèmi, oògùn tí mò ń lò láràárọ̀ wà lára ìjọ́sìn mi.