Ta Ni Ilé Náà Há Mọ́?

  

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ń gbé yàrá kan. Ẹní méjì, sítóòfù kan, kìtábù wa lójú fèrèsé. Mo ní ìtẹ́lọ́rùn. Lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì mi, irú yàrá bẹ́ẹ̀ náà ni mo gbà, nínú ilé tí ìdílé mẹ́fà ti ń lo ilé ìdáná kan. Nígbà tí ọmọ di mẹ́ta, ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn. Mo jókòó, mo ṣe wáàsí ìtẹ́lọ́rùn fún un. Ó gbọ́ tán, ó ní, “Àáfà, ìgbà wo lẹ máa ń wà nílé?”

Mo dákẹ́. Bí mo bá kí ìrun àsùbáà tán ni mò ń jáde lọ sí ilé-kéwú; ìgbà tí n óò bá fi dé, ìṣáì ti tó. Èmi ń sùn sí yàrá náà ni, òun ni ó ń gbé inú rẹ̀.

Àwa oníwáàsí fẹ́ràn láti sọ bí yàrá Ànábì ní Mẹ̀dínà ti kéré tó. Òótọ́ ni. Àíṣà sọ pé òun a máa ká ẹsẹ̀ òun kò kí Ànábì tó rí ibi forí kanlẹ̀. Hasan al-Basri náà sọ pé ọwọ́ òun ń kan òrùlé àwọn yàrá náà ní ayé Uthman. Ṣùgbọ́n a máa ń fi ìtàn yìí pa ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́. Ànábì kan náà ni ó ka ilé tí ó fẹ̀ mọ́ oríire ènìyàn, tí ó sì ka ilé híhá mọ́ ìnira, nínú hádíìsì tí Ibn Hibban gbà wá. Òun náà ni ó ní kí a ya ibùsùn àwọn ọmọ sọ́tọ̀ bí wọ́n bá pé ọdún 10. Ẹni tí ó ní ọmọkùnrin ọdún 12 àti ọmọbìnrin ọdún 10 nínú yàrá kan, níbo ni yóò yà wọ́n sí? Bí onítọ̀hún bá ń wá yàrá kejì, ẹ má pè é ní ojúkòkòrò.

Ẹ tún wo Súúrà At-Talaq, áyà 6. Obìnrin tí ọkọ ti kọ̀ sílẹ̀, tí ó ṣì wà nínú idda, Ọlọ́hun pàṣẹ kí ọkọ fi í sí irú ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, kí ó má sì fún ayé mọ́ ọn. Èyí tí a kò kọ̀ wá ńkọ́?

Mo ní bí agbára bá ṣe mọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yá owó èlé kọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin, kí yìgì tó so, ẹ mú arábìnrin náà àti àwọn ẹbí rẹ̀ lọ wo yàrá náà. Ẹ sọ fún un bí àbúrò yín tàbí ìyá yín yóò bá máa bá yín gbé. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ bèèrè. Kì í ṣe àìnítìjú.

Ní tiwa, ọdún méjì kọjá kí a tó rí owó yàrá kejì. Ní gbogbo ìgbà náà, mò ń kó àwọn ọmọ lọ sí ilé-kéwú lẹ́yìn ìrun àìlà, àtèyí tí kò tíì lè ka álífù, kí ìyá wọn lè rí yàrá náà lò fúnra rẹ̀ títí di alaasari.