Ohun Tí Ó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀

Nígbà tí wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bóyá ni ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá a mu tó ẹ̀yìn ọkọ̀ Peugeot 504 tí ó ti gbó, nígbà tí ó bá kó èrò àti ẹrù tán ní Niamey tí ó sì dojú kọ ọ̀nà Dosso. Ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ tí ó tẹ̀ lé e yóò rí i pé iwájú rẹ̀ kọjú sí ibì kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́ gba ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ajá ti máa ń fi ẹ̀gbẹ́ sáré. Àwọn èrò a ní ẹrù orí rẹ̀ ni kò dọ́gba. Awakọ̀ a ní afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣe é wà nísàlẹ̀, nínú rọ́bà kan tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Zongo jẹ́ àdúgbò kan nínú ìlú Niamey, tí ó ti jẹ́ olú ìlú Niger láti 1926. Ọ̀rọ̀ Hausa ni orúkọ náà. Zango ni ibi tí àwọn oníṣòwò tí ń da ràkúnmí àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti sinmi. Bí Ìbàdàn ti ya Sábó sọ́tọ̀ ní 1916 fún àwọn Hausa tí wọ́n wá ṣòwò, bẹ́ẹ̀ ni ìlú púpọ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti ní Zongo tiwọn. Kìkì pé ní Niamey, Yorùbá pàápàá di àlejò. Ọ̀nà tí ó gba Dosso lọ sí Gaya létí Odò Ọya, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 kìlómítà, ni àwọn tí ń bọ̀ láti Kútọnu àti Parakou ń gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ọ̀rọ̀ ìṣèlú tó ti ibodè náà ní 2023. Ọkọ̀ ni ó gbé wọn wá, ọkọ̀ ni ó sì ń gbé ọjà wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ mẹkáníìkì kì í ṣe iṣẹ́ kékeré nírú ibi bẹ́ẹ̀.

Ní 1968 ni iléeṣẹ́ Peugeot gbé 504 jáde nílẹ̀ Faransé. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn kan náà ni ó sì gba ipò kìíní nínú eré ọkọ̀ Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ó tún gbà á ní 1978. Èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ èrò fẹ́ràn jù ni onílà ìjókòó mẹ́ta. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pá irin kan ṣoṣo ni ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Àwọn apá irin sì ni ó di ọ̀pá yìí mú mọ́ ara ọkọ̀ kí ó má baà yẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí apá irin ti pàdé ara ọkọ̀ ni rọ́bà wà. Àwọn mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ń pè é ní búùṣì. Àwọn ti Niamey, tí wọ́n gba èdè iṣẹ́ wọn lọ́wọ́ Faransé, ń pè é ní silentbloc, èyí tí ó jọ pé a ní ìdì tí kò pariwo. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Bí ó bá wà ní pípé, kò sẹ́ni tí í rántí pé ó wà.

Bákan náà ni ó rí lára àwọn ọkọ̀ alágbára tí Amẹ́ríkà ṣe ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń tọ́jú bí ẹ̀ṣọ́ lónìí. Pontiac GTO ti 1964 ní apá irin mẹ́rin lẹ́yìn, rọ́bà mẹ́jọ sì ni ó wà létí wọn. Àwọn kan a yọ rọ́bà wọ̀nyí kúrò, wọn a fi ike líle dípò, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ gbọ́ràn kíákíá bí wọ́n bá tẹ iná sí i. Wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo òkúta ojú ọ̀nà a máa kan wọ́n léegun. Rọ́bà gbọ́dọ̀ rọ̀ tó kí irin má baà jẹ irin, kí ó sì le tó kí ọ̀pá má baà rìn kiri. Èyí tí ó rọ̀ jù àti èyí tí ó le jù, aburú kan náà ni wọ́n ń bí, ọ̀nà wọn ni ó yàtọ̀.

Oòrùn Niamey kì í ṣàánú rọ́bà. Nínú oṣù kẹrin, ooru a máa kọjá 40 lórí ìwọ̀n. Ilẹ̀ pupa tí a kò dà ní ọ̀dà a máa ká bí ojú pákó ìfọṣọ, yóò sì máa gbọn ọkọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni rọ́bà ń sán, tí ó ń jáde kúrò nínú ihò rẹ̀. Awakọ̀ kò ní tètè mọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti kọ́ láti máa fa sítíárì sí òdì kejì ibi tí ẹ̀yìn ń lọ. Bí ó bá ti wá ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, nígbàkúùgbà tí ó bá gbéra, ọ̀ràn ti pẹ́ nílẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀ kò ní awo nínú. A ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, a ó sì fi ohun tí kò lè yẹ̀ tì í, nítorí jáàkì nìkan ti pa ènìyàn rí. A ó tú apá irin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. A ó ti búùṣì àtijọ́ jáde. Bí ó bá ti gan mọ́ ibẹ̀, àwọn mìíràn a sun ún níná, wọn a sì fi ayùn irin gé ìkarahun rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi ọṣẹ ni a fi ń ti tuntun wọlé. Ẹni tí ó bá fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe é ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ìjẹrà sínú rọ́bà náà. Tọ̀tún tòsì ni a sì ń pààrọ̀, nítorí bí ẹ̀gbẹ́ kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ yóò tún máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ìgbà tí a ó di nọ́ọ̀tì ni ọ̀rọ̀ wà. Rọ́bà yìí kì í yí nínú ihò rẹ̀ bí irin ti ń yí nínú gíríìsì. Ó lẹ̀ mọ́ irin nínú àti lóde, lílọ́ ni ó ń lọ́ bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò. Bí a bá di nọ́ọ̀tì pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì so rọ̀ lófuurufú, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ ni rọ́bà ti lọ́, lílọ́ náà ni yóò sì wà tọ̀sán tòru títí yóò fi ya. Nítorí náà, ọ̀gá tí ó mọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ di í ní ìdì àìle, a gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ìwúwo rẹ̀ bà lé ẹsẹ̀, lẹ́yìn èyí ni yóò tún wọ abẹ́ rẹ̀ nínú eruku àti òkùnkùn, láti di í pinpin. Ìyẹn gba àkókò, ó sì ni ènìyàn lára. Kí ni èrè rẹ̀? Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ bá jáde, kò sí ojú tí ó lè fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ̀ tí a dì bẹ́ẹ̀ àti èyí tí a dì lófuurufú. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni yóò hàn, nígbà náà a ó sì di ẹ̀bi ru ọ̀nà, tàbí ẹni tí ó ṣe rọ́bà.

Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìsì, sọ ìtàn darandaran kan tí ó rí òrùka tí ó ń sọ ènìyàn di aláìrí. Ìtàn náà kò ṣàjèjì sí Yorùbá tí ó bá ti gbọ́ nípa àfẹ̀ẹ́rí. Darandaran yìí fi òrùka rẹ̀ pa ọba, ó sì jọba. Ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn nínú ìwé náà ni pé, bí a bá fún olóòótọ́ àti ọ̀dàlẹ̀ ní irú òrùka kan náà, ǹjẹ́ ìwà wọn yóò yàtọ̀? Abẹ́ ọkọ̀ ni àfẹ̀ẹ́rí mẹkáníìkì. Kò ní láti jọba kí a tó mọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Nọ́ọ̀tì kan tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn a máa le ju báyìí lọ. Jẹ́ kí a sọ pé ọlọ́kọ̀ kan, àgbàlagbà, wá sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Zongo. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ̀gbẹ́ kan ni owó ọwọ́ mi tó. Ẹ bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kó èrò lọ sí Zinder lọ́la.” Mẹkáníìkì náà dáhùn pé, “Alàájì, ẹ má bínú, méjèèjì ni a ń ṣe pọ̀.” Alàájì ní òun gbà, òun mọ ewu rẹ̀, ọkọ̀ òun ni. Ǹjẹ́ ìgbà tí olówó ti gbà, ọ̀rọ̀ kò ha parí?

Bí ó bá jẹ́ pé Alàájì nìkan ni yóò wọ ọkọ̀ náà, a lè ní ó parí. Ẹni tí ó mọ ewu tí ó sì fi orí ara rẹ̀ wewu, ó ní ẹ̀tọ́ díẹ̀ sí i. Àmọ́ èrò tí yóò jókòó sí ìlà kẹta, ìyá tí ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, kò sí níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà yìí. Ìwàláàyè tirẹ̀ wà nínú iye owó tí wọ́n ń yọ kúrò. Ọba Hammurabi ti Babiloni, ní nǹkan bí 1750 kí a tó bí Kristi, pàṣẹ pé bí ilé bá wó pa onílé, kí a pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Ó dá ẹjọ́ ti ọmọ onílé, ó dá ti ẹrú rẹ̀, ó dá ti ẹrù rẹ̀ pàápàá. Àlejò tí ó kàn wá sùn mọ́jú, kò dárúkọ rẹ̀. Òfin tí ó le tó bẹ́ẹ̀ gbàgbé ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni dá májẹ̀mú, bẹ́ẹ̀ ni òun gan-an ni kò ní ọ̀nà kankan láti mọ bí ilé ṣe rí. Àlejò yẹn ni èrò ọkọ̀.

Àwọn kan yóò ní bí mẹkáníìkì yìí bá kọ̀, Alàájì yóò rìn dé ìsọ̀ kejì, níbi tí wọn yóò ti gé táyà àtijọ́ ki bọ̀ ọ́, ewu yóò sì pọ̀ sí i. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ẹnu gbá a dànù. Gígé táyà gan-an kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí ojúlówó kò sí lọ́jà, ọgbọ́n ni. Bí ẹni tí ó gé e bá sọ ọ́ gbangba, tí ó ní kí ọkọ̀ má kúrò láàárín ìlú, kí ó máa rọra rìn, títí owó yóò fi wọlé, olóòótọ́ ni. Ẹni tí ó sì ra ojúlówó láti Faransé, tí ó dì í lófuurufú, tí ó nu ọwọ́ tí ó ní “ó ti parí”, purọ́. A kò lè fi dandan lé e pé kí mẹkáníìkì máa fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ̀ tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan a máa ṣe é láwìn. Ohun tí ẹnikẹ́ni lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó má sọ pé ó ti parí nígbà tí kò tíì parí, kí ó má sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀nà Zinder. Bí Alàájì bá bínú lọ, ó lọ pẹ̀lú òtítọ́ létí. Àwọn olùkọ́ yóò mọ ìnira tí ó wà níbẹ̀. Bàbá tí a sọ fún pé ọmọ rẹ̀ kò tíì tó wọ kíláàsì kejì mọ ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tí yóò gbà á.

Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́ lè fi Ògún búra pé òun kò ṣe àbòsí. Ní Zongo, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, Ọlọ́run ni wọn ń pè. Àṣà mìíràn sì wà tí kò nílò ìbúra: bí iṣẹ́ bá tán, mẹkáníìkì a kó rọ́bà àtijọ́ fún ọlọ́kọ̀, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé a pààrọ̀ wọn. Àṣà tí ó dára ni, kìkì pé rọ́bà àtijọ́ kò lè sọ bí a ti di tuntun. Ọlọ́kọ̀ a yẹ̀ wọ́n wò, a mi orí, a sì jù wọ́n sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí wọn yóò máa yí kiri lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò títí dé Dosso.