Ohun Tí Oko Bá Fún Wa La Ó Sè

Àṣà kan wà ní Massachusetts àti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí i ká, tí àwa Yorùbá tó ń gbé níbẹ̀ náà ń bá wọn dá sí. Nígbà òtútù, kí yìnyín tó yọ́, ènìyàn á san owó fún àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ kò jìnnà. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, á wá máa lọ gba ìpín tirẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nínú ohun tí oko náà bá mú jáde. Kì í sábà yan ohun tó wà nínú àpótí. Oko ló ń bá a yàn án. Bí kale bá ṣú lóko, kale ni yóò gbé relé. Bí ilá bá so ní oṣù kẹjọ, ó rí ilá nìyẹn. Lójú tèmi, ètò yìí ń dán ìwà wò ju bí àwọn tó ń ṣe é ti rò lọ, ìdí ààrò sì ni ìdánwò náà ti le jù.

Ọdún 1986 ni oko méjì kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà: Indian Line Farm ní South Egremont, Massachusetts, níbi tí Robyn Van En ti ń dáko, àti Temple-Wilton ní New Hampshire. Ṣùgbọ́n ṣáájú ìgbà náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n aláwọ̀ dúdú kan, Booker T. Whatley, ti Tuskegee ní Alabama, ti ń gba àwọn àgbẹ̀ kéékèèké níyànjú pé kí wọ́n kó àwọn oníbàárà wọn jọ bí ẹgbẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ á san owó ọdún ṣáájú, á wá máa bọ̀ lóko wá fọwọ́ ara rẹ̀ kórè ní iye tó dín sí ti ọjà. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń tọrọ ẹ̀yáwó tí wọn kì í rí i gbà, títí tí wọ́n fi pe ìjọba lẹ́jọ́, tí ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí ìpẹ̀tù lórí ẹjọ́ náà ní 1999, á mọ bí irú owó àsansílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó. Owó tó wọlé kí irúgbìn tó bọ́ sínú ilẹ̀ kì í bí èlé.

Ẹni tó bá ti dá èsúsú rí á ní òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n jọra lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye tí a dá nínú èsúsú la ó kó, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tí ìpín oko yóò jẹ́. Ní 2009, àrùn tó ń mú ewé àti èso jẹrà run tòmátì káàkiri àríwá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje 2023, odò kún bo oko ní Vermont àti ní ìwọ̀ oòrùn Massachusetts, nígbà tí irè ń tó kó gan-an. Irè tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá ti bò, kò ṣeé tà fún jíjẹ mọ́, bó tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ lójú. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ń mọ ọmọlúàbí. Ẹni tó bá ń pariwo pé, "Owó mi dà?" kò parọ́ pé òun sanwó, àdéhùn ló gbàgbé. Ohun tó fọwọ́ sí nígbà òtútù ni pé bí ọdún bá yabo, òun àti àgbẹ̀ ló yabo fún. Bó bá sì pọ́n, kò ní pọ́n àgbẹ̀ nìkan lójú.

Ṣùgbọ́n ọ̀gbàrá kì í ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ewé tó ń jẹrà ní ìsàlẹ̀ fíríìjì. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní, "Èmi ni mo sanwó rẹ̀, bí mo bá dà á nù, owó ara mi ni mo dà nù." Mi ò gbà. Owó kọ́ ló tẹ̀ ba nínú ìrì òwúrọ̀ láti gé ewé náà. Oúnjẹ tí ẹnì kan bá sì jẹ́ kó bàjẹ́ lọ́wọ́ òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí ì bá jẹ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ bá máa dí lọ́sẹ̀ yìí, sọ fún àgbẹ̀ kí ọjọ́ ìgbà-ìpín tó pé, kí ìpín rẹ lè kan ẹni tí ebi ń pa.

Ọgbọ́n wà nínú bí a ti ń ṣe é. Lọ́jọ́ tí àpótí bá délé, kí a tú u palẹ̀, kí a má gbé e sọ síbì kan. Ewé tó rọ̀, bíi lẹ́tìúsì àti spinach, ni kí a kọ́kọ́ jẹ, nítorí wọn kì í pẹ́ rọ. Kale àti collard lè dúró di ọ̀sẹ̀ kan. Kárọ́ọ̀tì àti beet ń pẹ́ jù, bí a bá tètè gé ewé orí wọn kúrò. Bí ewé náà bá wà lórí wọn, á máa fa omi inú wọn títí wọn yóò fi rọ. Kí a má sì da ewé beet nù: ìdílé kan náà ni òun, spinach àti tẹ̀tẹ̀, ó sì ń wọ inú ọbẹ̀ ata dáadáa.

Ní ti ẹ̀fọ́ rírò, mo fẹ́ràn kale ju spinach lọ. Spinach ń tú omi, ó sì lè sọ ìkòkò ẹ̀fọ́ di omi ṣooro. Kale le: a ó já a kúrò lára igi àárín rẹ̀, a ó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a ó bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, a ó sì fún omi rẹ̀ dànù. Kí epo pupa gbóná, kí àlùbọ́sà àti irú ta sánsán, kí ata gbẹ dáadáa kí kale tó wọlé. Bí a bá gbé e sọ̀ kalẹ̀, á dúró lórí ara rẹ̀. Kohlrabi tó ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, a kàn ń bó èèpo rẹ̀ tó nípọn ni, ewé rẹ̀ sì ṣeé sè bíi kale.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà: èpò kan wà tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fi ọkọ́ kọ dànù, tí wọ́n ń pè ní pigweed, ìbátan tẹ̀tẹ̀ ni. Pàpásan náà ń hù lóko wọn láìsí ẹni tó gbìn ín. Ó yẹ kí ẹni tó mọ̀ wọ́n wí fún àgbẹ̀, kó sì tọrọ wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Àríwísí kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: taló lè kó owó oṣù márùn-ún sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí owó ilé àti owó iná wà nílẹ̀? Òótọ́ ni, àwọn kan sì ti wá nǹkan ṣe sí i. Láti 2017 ni Massachusetts ti ń dá owó padà sórí káàdì oúnjẹ àwọn tí kò lówó lọ́wọ́, títí dé iye kan lóṣù, bí wọ́n bá fi ra irè lọ́dọ̀ àgbẹ̀, ìpín oko náà sì wà nínú rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ New York, Leah Penniman àti ọkọ rẹ̀ ti gbé ládùúgbò kan ní Albany níbi tí ẹ̀fọ́ tútù ti ṣọ̀wọ́n, tó jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ gba ìpín tiwọn. Nígbà tí àwọn náà dá Soul Fire Farm sílẹ̀, wọ́n ń gbé ìpín lọ bá àwọn ará irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ nílé, kálukú sì ń san bí agbára rẹ̀ bá ti mọ.

Nítorí náà, kí ènìyàn tó forúkọ sílẹ̀, kó bi ara rẹ̀ léèrè ìgbà mélòó ló ń dáná lọ́sẹ̀. Bí kò bá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kó gba ààbọ̀ ìpín, tàbí kí òun àti aládùúgbò rẹ̀ pawọ́ pọ̀ gba ẹyọ kan, kí wọ́n máa pín in. Ó sàn kó sọ fún àgbẹ̀ ní oṣù kejì pé agbára òun kò gbé odidi, nítorí pé ní oṣù kejì, àgbẹ̀ ṣì ráyè wá ẹlòmíràn.