Kónílé Ó Gbélé: Ilé Wo?

Ẹ gbọ́ ná, kí ni "ayálégbé"? Ẹni tó yá ilé láti gbé ni. Inú "yá" yẹn lọ̀rọ̀ wà: ohun tí a bá yá, ẹnì kan ló ni ín, a ó sì dá a padà. "Tenant" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ṣẹ̀ wá láti inú èdè Látìn, ẹni tó di nǹkan mú ló túmọ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ń wo ọwọ́ tó di nǹkan mú, Yorùbá ń rántí ẹni tó ni nǹkan.

Ṣùgbọ́n ta ló ni ín? Ìbéèrè yìí ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ìlobùú, ìlú méjì tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. "Àwa la nilẹ̀," bẹ́ẹ̀ làwọn méjèèjì ń wí. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ìjà náà gbẹ̀mí, ó jólé, ìjọba sì kéde kónílé-ó-gbélé. Ẹ wò ó dáadáa: "gbé" inú ayálégbé náà ló wà níbẹ̀. Kí onílé gbé ilé rẹ̀. Ẹni tí wọ́n sun ilé rẹ̀ ńkọ́? Ayálégbé tí kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀, tí ẹrù rẹ̀ jóná ńkọ́?

Láti 1978 lòfin ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan síkàáwọ́ gómìnà. C of O tí a fi ń yangàn, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ fún sáà kan ló fún wa.

A ò ní kí ẹnikẹ́ni jọ̀wọ́ ilẹ̀ baba rẹ̀. Kí wọ́n pààlà bó ṣe yẹ. Àmọ́ ká tó gbébọn, ká rántí: ilẹ̀ ṣeé yá, ẹ̀mí ò ṣeé yá.